Ojú Kan Tí Adánjú Kò Nù

Bí irorẹ́ bá wà lójú rẹ, tí o sì fẹ́ ya fọ́tò tí àwọn àna rẹ yóò fi rí ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ Adánjú ni wọn yóò ní kí o lọ. Kì í ṣe òun gan-an ló ń ya fọ́tò. Ọ̀gá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Fọ́tò, ló ń dúró ti kámẹ́rà. Ìdí kọ̀ǹpútà ni Adánjú ń jókòó sí, ní igun yàrá, lẹ́yìn aṣọ ìkélé aláwọ̀ eérú, tó ń nu ojú àwọn ènìyàn mọ́ bí ẹni ń nu àwo. Yóò fẹ ojú oníbàárà títí yóò fi kún inú ẹ̀rọ, yóò tẹ ibì kan, irorẹ́ á pòórá. Yóò tẹ ibòmíràn, àpá á tẹ̀lé e. Ohun tó ti lé ní ọdún mẹ́ta lójú ọmọ aráyé, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pọ̀ jù fún Adánjú láti lé e lọ. Bó ṣe gba orúkọ náà nìyẹn, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ sì ti ń jowú.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ kò ṣeé fi pamọ́: ojú Adánjú fúnra rẹ̀ kò dán. Irorẹ́ ti gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó ti dé àgbọ̀n, ó sì ń wo ọrùn bíi pé ó fẹ́ ra ilẹ̀ síbẹ̀. Bí àwọn kan ṣe ń gbẹ ni àwọn mìíràn ń yọ. Awọ ojú náà pọ́n, ó ń yún un, bí omi bá sì kàn án, á máa ta á bíi pé wọ́n fi ata sí i. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ẹ̀rín kì í jìnnà sí i, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Àmọ́ adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Nínú ilé ìyàwòrán tí ògiri rẹ̀ kún fún fọ́tò láti òkè dé ilẹ̀, kò sí fọ́tò Adánjú kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ní kó wá dúró láàárín àwọn yòókù, á ní, “Ta ló máa wá tẹ kámẹ́rà?” Bí Bàbá Fọ́tò bá wà níbẹ̀ láti tẹ kámẹ́rà, á ní iná kò dúró dáadáa, ẹ jẹ́ kí òun dì í mú.

Eruku ni ọ̀tá iṣẹ́ wọn. Eruku kan ṣoṣo tó bá bà lórí gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà, á di àmì lójú oníbàárà, oníbàárà á sì ní wọ́n fi àrùn tí òun kò ní lé òun lára. Nítorí náà, àkísà kan tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adánjú. Ọwọ́ òsì ló fi ń nu gíláàsì, ọwọ́ ọ̀tún wà lórí máòsì. Bó bá nù ún tán, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ọwọ́ òsì náà, á tẹ̀ síwájú, á sì máa bá ojú ọmọ ọlọ́mọ jà.

Yàrá kan ni Adánjú ń gbé, òun àti ìgò ìpara mọ́kànlá. Ó tò wọ́n sójú fèrèsé láti èyí tó ga jù dé èyí tó kúrú jù, bí ọmọ iléèwé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń dirun ní òpópónà kejì, ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá. Ẹni tó ń dirun kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Gbogbo orí tó bá wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ní ìmọ̀ràn, gbogbo ìmọ̀ràn náà ló sì ń gbé lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

“Àǹtí mi, eléyìí yàtọ̀,” ni àbúrò máa ń wí. “Ẹni tí mo dirun fún lánàá ló ń lò ó. Ojú ẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ tuntun.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni?”

“Kò ju mẹ́rìndínlógún lọ.”

“Ọmọ tuntun náà kúkú ni.”

Síbẹ̀, á gbà á, á fi kún èyí tó wà nílẹ̀. Ọ̀kan wà fún fífọ̀, ọ̀kan wà fún bíbó, ọ̀kan wà fún gbígbẹ, ọ̀kan wà tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà fún. Ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú rí. Ó ti fi ọṣẹ ìfọyín lé orí irorẹ́ sùn, ó jí, irorẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀, ó tún wá ń rùn bí ẹnu ẹni tó ń lọ sóde. Bí ojú bá pọ́n sí i, á ní ìpara kò tíì tó ni, á sì fi òmíràn kún un. Ohun tó ń dun ni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Kò sí ọjọ́ kan tí kì í wo dígí nígbà mẹ́wàá, kò sì sí ọjọ́ kan tó wò ó tí inú rẹ̀ dùn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ Àìkú kan tó lọ kí ìyá rẹ̀. Olùkọ́ ni Màámi kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ láràárọ̀ láti mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá, kò sì tíì jáwọ́ nínú ẹ̀. Bó bá wọ yàrá kan, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ ka iye àwọn tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ náà, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń ká aṣọ, ó sì sọ ohun tó ti ń rò.

“Oṣù mẹ́ta ló kù tí mo máa pé ọgọ́ta ọdún. Ẹ má ra aṣọ fún mi. Ẹ má ra bàtà. Fọ́tò ni mo fẹ́, tí gbogbo wa pé sí. Ibí yìí ni mo máa gbé e kọ́, kó jẹ́ òun ni mo máa kọ́kọ́ rí tí mo bá la ojú.”

“Kò sí wàhálà, Màámi. Màá rí i pé ẹ̀yin àti àbúrò mi yọ dáadáa.”

“Mo ní gbogbo wa. Ìwọ náà á jókòó.”

Adánjú ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sára ògiri tó ṣófo, tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ti ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ rí, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí bàbá wọn ti kú ní bí ọdún kan. Irorẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ọjọ́ méjì gbáko ni Adánjú fi nu ojú ara rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kò fi ohunkóhun sílẹ̀, ojú náà wá dán bí ẹyin. Màámi gba fọ́tò yẹn, ó wò ó pẹ́, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi,” ó sì fi í sínú àpótí aṣọ, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò gbé e kọ́, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Adánjú kò béèrè ìdí, nítorí ó dá a lójú pé òun mọ̀ ọ́n. Ojú òun ló kó ìtìjú bá ìyá òun. Bí òun tilẹ̀ nù ún tó yẹn, ìyá mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń sá fún kámẹ́rà láti ọdún mẹ́fà. Bó bá tún jókòó lẹ́ẹ̀kejì, tí Màámi sì tún dojú fọ́tò bolẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé ọkàn rẹ̀ sí.

Ló bá lọ ra ìgò kejìlá. Kékeré ni, ó wuyì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì owó oṣù rẹ̀. Ó fi kún àwọn mọ́kànlá yòókù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ wú, ó pọ́n, ó ń jó o, ó sì fi ìborùn bo ojú lọ síbi iṣẹ́, tó fi jẹ́ ẹyinjú méjì nìkan ló yọ.

Bàbá Fọ́tò wò ó láti orí àga rẹ̀. “Ṣé olè ló ń bọ̀ wá jà wá ni, àbí ìwọ gan-an lolè?”

Adánjú ṣí ìborùn. Ọkùnrin náà, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ó sì lọ pọn omi tútù wá fún un.

Oníbàárà àkọ́kọ́ ọjọ́ yẹn jẹ́ bàbá àgbà kan tó fẹ́ fọ́tò ìwé ìrìnnà. Fọ́tò náà jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, bàbá wá pupa bí ẹni tí oòrùn sè. Òfin kan wà ní ilé ìyàwòrán yìí tí Bàbá Fọ́tò fi kọ́ Adánjú láti ọjọ́ tó ti wọlé: bí àwọ̀ fọ́tò bá bàjẹ́, ohun kan ṣoṣo ni kí o yí padà, kí o tẹ òmíràn wò, kí o tó fọwọ́ kan ohun kejì. Adánjú pààrọ̀ bébà, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣì pupa. Ó dá bébà náà padà, ó wá tún tàdáwà ṣe, ó tẹ̀ ẹ́, bàbá àgbà padà di ara rẹ̀.

“Kí ló dé tí o ò yí gbogbo ẹ̀ papọ̀?” ni Bàbá Fọ́tò bi í. “Kì bá ti yá ju báyìí lọ.”

“Ọ̀gá, tí mo bá yí gbogbo ẹ̀ papọ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó bà á jẹ́?”

“Ẹn-hẹ́n. Oríṣi nǹkan mélòó lò ń fi pa ojú ẹ?”

Adánjú wo ilẹ̀. “Méjìlá.”

“Ṣé ojú ẹ wá kéré sí fọ́tò bàbá yìí ni?”

Ó tún ka àwọn ìgò náà lọ́kàn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, omijé tẹ̀lé e, ojú sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta á nítorí omijé. Bàbá Fọ́tò ní kó kó gbogbo ìgò náà sínú àpò, kó gbé wọn lọ bá obìnrin oníkẹ́míìsì tó wà nítòsí ibùdókọ̀, kó má sì padà wá láìjẹ́ pé ó ti sọ òótọ́ níbẹ̀.

Obìnrin oníkẹ́míìsì jẹ́ ẹni tí kì í kánjú. Ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó to ìgò méjèèjìlá sórí tábìlì, ó sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹjọ́. Mẹ́rin ní lọ́fíńdà nínú. Méjì jẹ́ ìpara tí ń bó àwọ̀. Ọ̀kan kò ní orúkọ rárá. Nígbà tó dé orí ìkẹjọ, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Ta ló fún ẹ ní eléyìí?”

“Àbúrò mi ni, mà.”

“Bá mi kí i. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó la ni wọ́n ṣe é fún.”

Ó kó gbogbo wọn padà sínú àpò, ó so ó ní ẹnu. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ojú oníbàárà kì í dé, ó mú ọṣẹ funfun kan tí kò rùn jáde, pẹ̀lú ìgò ìpara kan lásán, tí kò sí àwòrán arẹwà kankan lára rẹ̀. Nígbà tó sọ iye tí méjèèjì jẹ́, Adánjú rò pé ti ọṣẹ nìkan ló sọ. Owó ìpè tó ń rà sórí fóònù lọ́sẹ̀ kan ju ìyẹn lọ.

“Kò ju èyí lọ, mà?”

“Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe gbígbóná. Ìka ọwọ́ ni kó o fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe kànrìnkàn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Má tẹ irorẹ́. Ojú ẹ ń bínú ni, o sì ń pariwo mọ́ ọn láti ọdún mẹ́fà. Jẹ́ kó sinmi.” Ó yọ awò ojú rẹ̀. “Kò ní yá o. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ò sí àyípadà, padà wá, màá júwe dókítà awọ ara fún ẹ. Ìyẹn kì í ṣe ìtìjú.”

Bí Adánjú ṣe padà dé, Bàbá Fọ́tò ti gbé àga kan sí iwájú aṣọ funfun, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ẹsẹ̀ àga náà ká kó má baà yẹ̀. Ó ní láràárọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, Adánjú yóò jókòó síbẹ̀ lábẹ́ iná kan náà, òun yóò sì ya ojú rẹ̀ ní ọ̀tún, ní òsì àti láàárín. Adánjú ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bàbá Fọ́tò ní kò sẹ́ni tó máa rí i àfi òun, òun sì ti rí èyí tó burú ju ìyẹn lọ, òun tó ya ìyàwó òun lọ́jọ́ tó gbọ́ iye tí òun ra kámẹ́rà. Ó di dandan kó jókòó.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, irorẹ́ tuntun mẹ́rin yọ, Adánjú sì fẹ́ ya wèrè. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àbúrò rẹ̀ gbé ìgò kẹtàlá dé.

“Àǹtí mi, ẹ kàn dán an wò lẹ́ẹ̀kan péré.”

“Ìwọ tí o fi ìpara àtẹ́lẹsẹ̀ pa mí lójú.”

“Ṣé ẹsẹ̀ kì í ṣe ara ni?”

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lára àbúrò, ó ran ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí àbúrò fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àbúrò ló gbé ìgò kẹtàlá lọ sílé ara rẹ̀. Wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán dòní.

Ní àárọ̀ kan nínú ọ̀sẹ̀ kẹta, Adánjú bu omi sójú nínú balùwẹ̀, ó dúró, ó ń retí kí ó ta òun. Kò ta á. Ó tún bu omíràn sí i. Omi lásán ni, ó kàn ń ṣàn lọ ní tirẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fọ ojú náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wá rántí pé ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ ni obìnrin oníkẹ́míìsì sọ, ó sì ń bẹ ojú rẹ̀ pé kó má bínú.

Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ohun kan ta kókó. Bàbá Fọ́tò tẹ àwọn fọ́tò àràárọ̀ náà jáde ní kékeré, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ọ̀tún lókè, òsì nísàlẹ̀. Ti ọ̀tún ń rọ̀ lọ́jọ́ dé ọjọ́, ìpọ́n rẹ̀ ń lọ, irorẹ́ rẹ̀ ń gbẹ. Ti òsì kò mi. Ó ṣì pọ́n, ó ṣì rí wúruwùru. Bàbá Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí wọn, kò dìde. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

“Ojú kan náà ni,” ni Adánjú wí. “Ọṣẹ kan náà, ìpara kan náà. Ṣé ó ń ṣe ojúsàájú ni?”

“Lọ máa ṣiṣẹ́ ẹ.”

Ó lọ jókòó. Bàbá Fọ́tò yọ́ kẹ́lẹ́ tẹ̀lé e, ó dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń yọjú bí ẹni ń ṣọ́ ẹran. Adánjú mú àkísà, ó nu gíláàsì, ó gbé àkísà sílẹ̀. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì lé ọwọ́ òsì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún nù ún, ó tún gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Bàbá Fọ́tò ka ìgbà mọ́kànlá kí ó tó ṣí aṣọ ìkélé, Adánjú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

“Gbóòórùn ọwọ́ òsì ẹ.”

Adánjú gbóòórùn rẹ̀. Òórùn sípíríìtì gba imú rẹ̀. Ó wo ọwọ́, ó wo àkísà, ó fọwọ́ ọ̀tún kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ọdún méje ló ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ọdún méje ló ti ń fi ohun tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ láìmọ̀, nígbà tó ń bá irorẹ́ àwọn ẹlòmíràn jà. Olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n ní. Adánjú la tirẹ̀ sílẹ̀ rẹ́kẹtẹ, ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé tàlùbọ̀ náà síbẹ̀.

“Ọ̀gá,” ló wí, “mo gọ̀.”

“O ò gọ̀. Iṣẹ́ lo gbájú mọ́. Ẹni tó ń wo ojú ẹlòmíì látàárọ̀ dalẹ́, nígbà wo ló fẹ́ rí tiẹ̀?” Ó yọ ìdérí dúdú tí wọ́n fi ń bo ojú kámẹ́rà, ó fi í sínú àtẹ́lẹwọ́ òsì Adánjú, ó sì pa àwọn ìka ọwọ́ náà dé lé e lórí. “Tó o bá ti nu gíláàsì, lọ fọwọ́. Lẹ́yìn náà, di eléyìí mú. Ọwọ́ tó bá di nǹkan mú ò ní gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́.”

Báyìí ni Adánjú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́, tí ọwọ́ kejì ń ṣọ́ ìdérí kámẹ́rà. Àwọn oníbàárà bi í pé kí ni ìyẹn, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ló gbà á síṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ keje, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ìpọ́n lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, nígbà tí Bàbá Fọ́tò ya ti àárọ̀ tán, Adánjú rí ohun kan nínú fọ́tò, nísàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, lójú ibi tó ti sún mọ́ etí. Ó kọ́kọ́ rò pé eruku ni, ó sì fa àkísà. Kì í ṣe eruku. Àmì dúdú kékeré kan ni, tó tó orí ìṣáná, tí irorẹ́ ti bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Bàbá rẹ̀ ní irú rẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Ó fi ìka kàn án lójú ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀ lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n dá pé, Màámi wọlé, ó ka iye àwọn tó wà nínú ilé ìyàwòrán kí ó tó kí Bàbá Fọ́tò. Wọ́n fi í sáàárín. Àbúrò dúró lọ́tùn-ún, irun rẹ̀ ń kọ mànà. Bí Bàbá Fọ́tò ṣe gbé ojú sókè, Adánjú ti wà nídìí iná, ó dì í mú gírígírí.

“Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ níbẹ̀?” ni Bàbá Fọ́tò wí. “Iná yẹn ti ń dá dúró kí wọ́n tó bí ẹ. Lọ jókòó.”

Ó jókòó ní òsì ìyá rẹ̀. Ojú náà kò jó o, kò yún un, ó rọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́; àmọ́ àpá mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀, irorẹ́ kan sì ti yọ ní àgbọ̀n láti àná, bí àlejò tí kò ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí Bàbá Fọ́tò ṣe fẹ́ tẹ kámẹ́rà, ọwọ́ òsì Adánjú gbéra fúnra rẹ̀, ó ń lọ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Gbà á!” Bàbá Fọ́tò ju ìdérí kámẹ́rà sí i. Adánjú hán an lófuurufú, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Màámi fi orí lé e léjìká, àsìkò yẹn gan-an ni kámẹ́rà sì dún.

Ó ku iṣẹ́ díẹ̀. Adánjú lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó fẹ ojú ara rẹ̀ títí ó fi kún inú ẹ̀rọ. Ó rí àpá mẹ́ta. Ó rí irorẹ́ àlejò. Ó rí àmì dúdú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wà lórí máòsì nígbà tó gbọ́ tí wọ́n fa àga lẹ́yìn òun, Màámi sì jókòó.

“Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?”

Adánjú kò wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tó ti dì sínú láti ọdún mẹ́fà ló jáde. “Màámi, fọ́tò ìjọ́sí, kí ló dé tẹ́ ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀? Ṣé ojú mi ló kó ìtìjú bá yín?”

“Ojú rẹ kẹ̀?” Ohùn ìyá rẹ̀ ga. “Ojú rẹ ò sí níbẹ̀. O ti nù ún tán pátá.” Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan ojú ẹ̀rọ, lórí àmì dúdú. “Eléyìí náà, o nù ún. Bàbá yín ti kú ní ọdún kan nígbà yẹn, ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń rí i láyé, o nù ún kúrò lójú. Ká ní mo gbé fọ́tò yẹn kọ́, ẹni mẹ́ta péré ni mi ò bá máa kà.”

Adánjú rántí. Ó ti nu gbogbo ohun tó dúdú lójú náà. Kò tilẹ̀ dúró wo èyí tó jẹ́ irorẹ́ àti èyí tó jẹ́ bàbá. “Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Ọjọ́ méjì lo fi ṣe é. Inú rẹ ń dùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?”

Adánjú yọ ọwọ́ kúrò lórí máòsì. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kọjá, kò ta á rárá.

“Mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, Màámi.”

“Ó dára.” Màámi wo ojú ẹ̀rọ dáadáa. “Àmọ́ o lè bá mi nu abẹ́ ojú tèmi díẹ̀.”

Ẹ̀rín mì wọ́n lórí àga. Adánjú nu abẹ́ ojú ìyá rẹ̀ díẹ̀, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọ̀ rẹ̀ bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n kan ìṣó mọ́ ògiri tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́. Màámi dúró síwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń dúró síwájú àwọn ọmọ iléèwé, ó gbé ìka sókè, ó ń kà.

“Èmi. Àbúrò rẹ.” Ó kan Adánjú, tó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìdérí kámẹ́rà lọ́wọ́. “Ìwọ.” Ìka náà kò kúrò níbẹ̀. Ó rọra sún sórí àmì dúdú.

“Bàbá yín,” ló wí. “A pé.”